Ẹ̀dọ̀ Ẹtu Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ gbé àwo yẹn kúrò níwájú mi. Rárá o, Fátókun aládùúgbò mi, mi ò bínú sí ọ, mi ò sì ṣàìsàn. Mo mọ̀ pé ọ̀yà ni. Mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti gbé e ka iná, omi sì ti kún ẹnu mi kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i pàápàá. Ẹ gbé e fún àwọn ọmọdé. Ó pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí Ọdẹ́tọ́lá, ẹni tó pa ẹfọ̀n méjì láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, kì í fọwọ́ kan ẹran ìgbẹ́ mọ́, tí ìbọn rẹ̀ sì kàn gbé ara kọ́ ògiri bíi kàlẹ́ńdà. Àwọn kan ní mo ti di oníṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ní eyín ló ti tán lẹ́nu mi. Eyín kẹ̀! Ẹ kó egungun itan àgbọ̀nrín wá kí ẹ wá wò ó. Ó dáa, ọlidé rèé, kò sẹ́ni tó ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́la nínú yín. Ẹ fa àga yín súnmọ́ ìdí máńgòrò yìí, kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní ọlidé Àjíǹde ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìtàn ẹ̀san ni o, mo ti sọ ọ́ fún yín ṣáájú. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá tètè máa ń já, kó jókòó sáàárín àwọn tó sanra.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ẹ́sítéètì Ìrẹ̀pọ̀dùn yìí, ẹ rò pé ìgboro lẹ wà. Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín! Nígbà tí ọmọ mi Ọlátóóyè kọ́lé síbí, tó ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, èrò rẹ̀ ni pé òun fẹ́ mú bàbá òun kúrò nínú igbó. Kò mọ̀ pé inú igbó gan-an ló kọ́lé sí. Ọ̀bọ ń jókòó sórí tánkì omi, òkété gbẹ́ ihò sábẹ́ ilé jẹnẹrétọ̀, awọ́nríwọ́n ń yan fanda nínú gọ́tà, àparò sì ń kó ọmọ rẹ̀ kọjá níwájú géètì láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn fẹ́ǹsì wa ni Igbó Ìdákẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì sí ọdẹ tó débi tó parí sí, àfi èmi tí mo súnmọ́ ọn. Ilé náà tẹ́ mi lọ́rùn. Mo kó ìbọn mi wá, mo kó àpò ọdẹ mi wá, mo sì mú ajá mi wá.

Kòsẹ́gbẹ́ lorúkọ ajá náà. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tiwájú nìkan ló funfun. Ọdún mẹ́fà la fi jọ ṣọdẹ, kò sì sígbà kan tó fi mí sílẹ̀ sínú ewu. Mo ní fèrè kan tí mo fi ìwo ẹtu gbẹ́. Ibi yòówù kí Kòsẹ́gbẹ́ wà, bí mo bá ti fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó ti dé. Ẹ wá gbọ́ àṣà kan tó wà nínú ìdílé wa, kí ẹ sì fi sọ́kàn, torí òun ló ni ìtàn yìí. Ẹran tí ajá bá lé mú, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ajá ni. Tútù la máa ń gé e fún un, níbi tí ẹran náà ṣubú sí gan-an, kí a tó nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ọ̀bẹ. Bàbá mi ṣe é bẹ́ẹ̀, bàbá tó bí i ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ má pè é láàánú o. Ẹ̀tọ́ ajá ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọlidé náà, gbogbo wa wà nílé. Ọlátóóyè wọ ṣòkòtò péńpé, ó ń fọ mọ́tò. Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ ń se ìrẹsì àti ẹja, ó ti pàṣẹ pé ẹran kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹnikẹ́ni nílé òun lọ́jọ́ Ẹtì Rere. Ṣíjúadé ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó sójú fèrèsé pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀dá abẹ̀mí tí wọ́n bá rí láyìíká ilé láàárín ọlidé sílẹ̀, ọmọ náà sì ń kọ ọ́ tọkàntọkàn: ẹ̀gà mélòó, ọ̀kẹ́rẹ́ mélòó, ọ̀bọ mélòó. Àfi bí ẹtu kan ṣe gba ihò fẹ́ǹsì wọlé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tẹ̀tẹ̀ tí Ìbídùn gbìn. Kí n tó ní kí n dìde, Kòsẹ́gbẹ́ ti gbéra. Ó lé e yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà á kọjá lábẹ́ mọ́tò, Ọlátóóyè ju bọ́kẹ́ẹ̀tì nù, gbogbo ilé ń pariwo. Nígbẹ̀yìn, ó há a mọ́ ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, ó sì gbé e ṣánlẹ̀. Ẹtu tó sanra, ẹ ò tíì rí irú rẹ̀ rí.

Mo yọ ọ̀bẹ, mo dú u, mo la inú rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ gé ẹ̀dọ̀, Ìbídùn sáré dé.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Àìkú. Ẹ má jẹ́ ká gé ẹran jẹ lónìí."

"Ìyàwó mi, ajá ni mo fẹ́ gé e fún. Ajá kì í ṣọmọ ìjọ."

"Ẹ má bínú, sà. Ajá náà lè ní sùúrù. Àwọn aládùúgbò ń wò wá láti ojú fèrèsé."

Ọmọ dáadáa ni, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, mo sì gbà. Wọ́n kó ẹran sínú fírísà, mo sọ awọ rẹ̀ sórí fẹ́ǹsì pé kó gbẹ. Ẹ̀dọ̀ nìkan ni n kò jẹ́ kí wọ́n kó lọ. Mo pọ́n ọn sínú ewé, mo ní kó di ìrọ̀lẹ́ tí ojú bá ti kúrò lára wa, n óò fún Kòsẹ́gbẹ́. Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, ìrẹsì àti ẹja ti dà kúrò nínú mi. Ebi ń pa mí. Mo ní kí n kàn fi iná ra ẹ̀dọ̀ náà díẹ̀, kó má bàa bàjẹ́. Iná rà á tán, ó ń ta sánsán. Mo ní kí n tọ́ ọ wò. Mo tọ́ ọ wò, mo rí i pé kò ní ata. Mo lọ bu ata gígún díẹ̀ sínú tákàdá... Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn! Ta ni kò jẹ nǹkan rí nínú yín? Kòsẹ́gbẹ́ jókòó síwájú mi ní gbogbo àkókò náà. Kò gbó, kò ju ìrù. Nígbà tí mo nu ọwọ́ tán, ó dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó sì dùbúlẹ̀. Mo ní, "Má dá mi lóhùn, ìwọ náà á jẹ itan lọ́jọ́ Àìkú." Mo fi okùn so ó mọ́ ìdí ọ̀pẹ, mo wọlé lọ sùn.

Ilẹ̀ mọ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo fọn fèrè mi. Kòsẹ́gbẹ́ kò dé. Mo tún un fọn. Kò dé. Mo dé ìdí ọ̀pẹ, okùn ti já, ẹ̀jẹ̀ kán tótó láti ibẹ̀ dé ihò fẹ́ǹsì, awọ ẹtu kò sí lórí fẹ́ǹsì mọ́, ojú ẹsẹ̀ ńlá kan sì wà nínú ẹrẹ̀. Ìkookò! Ọdẹ bíi tèmi yẹ kó wo okùn yẹn dáadáa, yẹ kó rí i pé eyín ajá fúnra rẹ̀ ló jẹ ẹ́ já. N kò rí i. Ìbínú ti bò mí lójú. Ìkookò kan wá sínú ọgbà ọmọ mi, lọ́jọ́ ọdún, ó wá gbé ajá Ọdẹ́tọ́lá! Mo ní n óò bó awọ rẹ̀ láàyè. Mo ní n óò fi awọ náà ṣe timùtimù, n óò jókòó lé e níbi tí gbogbo ìran rẹ̀ yóò ti máa wò mí. Ọlátóóyè jáde, ojú oorun ṣì wà lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe àwọn sikiọ́ríti ẹ́sítéètì."

"Sikiọ́ríti tó ń sùn lẹ́nu géètì? Ṣé òun ni yóò wọ Igbó Ìdákẹ́ bá mi gbẹ̀san?"

"Ẹ jẹ́ n ra ajá míì fún yín, ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá dá kún un. Ajá míì! Mo gbé ìbọn mi, mo fi ahọ́n kan ẹnu irin náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì búra bí àwọn baba mi ṣe máa ń búra nígbà tí àwọn ọdẹ ń jí ajá ara wọn gbé. Mo ní, "Ẹni tó gba Kòsẹ́gbẹ́ lọ́wọ́ mi, ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe ẹranko, ìbáà ṣe iwin, ohun tó fi ń pa ẹran kò ní í gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ẹran ìgbẹ́ kò sì ní í gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́, títí ilẹ̀ yóò fi gbà á. Irin, o gbọ́." Ẹ mọ̀ pé ọdẹ kì í fi irin búra lásán. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ara irin náà tutù lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò kà á sí. Mo ki ẹ̀tù sínú ìbọn, mo fi àpò kọ́ èjìká, mo gba ihò fẹ́ǹsì bọ́ sínú igbó.

Ẹsẹ̀ mi kò tíì tẹ ewé tútù tí mo fi gbọ́ ohùn lókè. Àgbà ọ̀bọ kan ló jókòó sórí tánkì omi Fátókun, ó fẹsẹ̀ kan lé èkejì.

"Ọdẹ́tọ́lá, o kú ọdún."

"Kí ló kan ọ̀bọ nípa ọdún?"

"Mo kàn kí ọ ni. Iná tí o dá lánàá, òórùn rẹ̀ dé orí tánkì yìí. Mo ní ẹni tó ń gbádùn wà nísàlẹ̀."

Òkúta ni mo fi dá a lóhùn. Ó yẹ̀ ẹ́, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo bá tèmi lọ.

Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó pàdé aṣọ́bodè igbó náà. Háà, ẹ̀dá rèé! Kò ga ju Ṣíjúadé lọ, irun funfun bò ó láti àtàrí dé orúnkún, ẹnu méjì ló sì ní. Ọ̀kan wà níbi tí ẹnu gbogbo wa wà, èkejì wà nínú ikùn rẹ̀. Ẹnu òkè ń sọ̀rọ̀, ẹnu ìsàlẹ̀ ń jẹ àgbálùmọ̀, ó ń tu kóró rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Ó dínà pa. Ẹni tí kì í bá ṣe ọkùnrin ìbá ti sá padà. Èmi ńkọ́? Ìbínú mi tóbi ju ìbẹ̀rù mi lọ lọ́jọ́ yẹn, mo na ìbọn sí ẹnu méjèèjì.

"Yà lọ́nà. Ìkookò kan gbé ajá mi gba ibí kọjá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni mo wá mu."

"Ẹnikẹ́ni kì í kọjá lọ́fẹ̀ẹ́," ẹnu òkè fèsì. "Fún mi ní fèrè ọrùn rẹ, kí o sì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. N óò fi ọ̀nà hàn ọ́."

Fèrè tí mo fi ń pe Kòsẹ́gbẹ́! Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ní bí mo bá ti pa ìkookò, ṣé ajá tó ti kú tún ń gbọ́ fèrè ni? Mo bọ́ ọ lọ́rùn, mo sọ ọ́ sí i. Ẹnu ìsàlẹ̀ gbé e mì.

"Ìbéèrè àkọ́kọ́. Ta ló sáré, tí ẹlòmíràn fi yó?"

"Ìyẹn le ni? Ajá ọdẹ ni!" Mo fọwọ́ gbá àyà.

Ẹnu méjèèjì rẹ́rìn-ín. "O gbà á. Èkejì. Ta ló búra mọ́ ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀?"

"Òmùgọ̀ ni," mo ní.

"O tún gbà á! Ọdẹ yìí gbọ́n. Ẹ̀kẹta ló rọrùn jù. Kí lo fi ayọ̀ jẹ kẹ́yìn?"

Ẹ̀yin ará, títí dòní n kò mọ ohun tó mú mi parọ́. Ojú tì mí ni, ojú sì ti ń tì mí láti àná, ìbínú ni mo fi bò ó mọ́lẹ̀. Mo ní, "Ẹja."

Ẹnu ìsàlẹ̀ ló sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ wúwo. "Ẹja. Ó dáa. Ẹni tó bá jẹ ẹja, ọ̀nà odò ni tirẹ̀. Máa gba ìsàlẹ̀ lọ."

Mo gba ìsàlẹ̀. Mo rìn títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sùn sórí igi, mo jí, mo tún rìn. Ìyẹn kò ní ohun tí mo fẹ́ sọ nínú. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé n kò sinmi láti máa ka ìyà tí n óò fi jẹ ìkookò náà. Mo ti gé ìrù rẹ̀, mo ti fọ́ eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ti pa á nígbà ogún nínú ọkàn mi kí oòrùn tó yọ. Bí mo ṣe dé etí odò, mo rí igi kan tó ṣubú sójú omi, mo gun orí rẹ̀ pé kí n fi rékọjá. Igi náà mí. Òjòlá ni, ẹ gbà mí o! Kí n tó fò, ó ti wé mọ́ ẹsẹ̀ mi, ó wé mọ́ ìbàdí mi, ó fún ìbọn mọ́ mi lára. Èémí mi ń tán lọ. Mo rí orí rẹ̀ tó ń bọ̀, ó tóbi, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. Ọwọ́ òsì mi nìkan ló ráyè, ó sì bọ́ sínú àpò ṣòkòtò mi. Kí lẹ rò pé ó wà níbẹ̀? Tákàdá ata ọjọ́ Ẹtì! Mo tú u, mo fi ata náà kún ojú òjòlá méjèèjì. Ó hó, ó tú, ó na ara rẹ̀ gbalaja sínú omi, odò sì dàrú. Mo sáré gun òkè bèbè, mo ń wúkọ́, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń pariwo pé ta ló tún dà bíi mi nínú gbogbo ọdẹ.

Ṣùgbọ́n kò sí ojú ẹsẹ̀ ìkookò kankan létí odò yẹn. Mo mọ ohun tó fà á. Mo padà sọ́dọ̀ aṣọ́bodè, ara mi rẹ̀.

"Ẹ̀dọ̀ ni mo jẹ," mo ní.

"Ẹ̀dọ̀ ta ni?"

"Ẹ̀dọ̀ ẹtu."

"N kò bi ọ́ pé ẹ̀dọ̀ ẹran wo. Mo ní ta ló ni ín?"

Mo ń wo ẹsẹ̀ ara mi. Ó na ọwọ́ sí apá òsì. "Abẹ́ àpáta. Kò jìnnà. Ó ṣe mí láàánú pé kò jìnnà."

Lóòótọ́ kò jìnnà. Bí mo ṣe dé abẹ́ àpáta náà, mo ń gbọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì ẹ́sítéètì wa, wọ́n ń kọrin Àjíǹde. Gbogbo ìrìn yẹn, ẹ̀yìn ilé wa náà ni mo ṣì wà. Ihò kan wà lábẹ́ àpáta, ìkookò kan sì jókòó sẹ́nu rẹ̀. Abo ni, ó ti darúgbó, etí rẹ̀ kan ti gé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí awọ ẹtu tí mo sọ sórí fẹ́ǹsì, ni Kòsẹ́gbẹ́ dùbúlẹ̀ sí. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Ó rí mi, kò dìde.

Ayọ̀ ì bá mú mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ajá mi ṣì wà láàyè! Ṣùgbọ́n ìbínú ló gbà mí. Ìkookò tí kò pa á ti burú ju èyí tó pa á lọ lójú mi, torí pé ó jí i, ó tún mú un mọ́ra.

"Jáde wá gba ikú rẹ!" mo pariwo.

"Ta ló ń lọgun lọ́jọ́ ọdún?" ìkookò béèrè. "Yìn ín tí o bá fẹ́ yìn ín. Ara ń ro mí, n kò lè sáré mọ́."

Mo na ìbọn sí i, láàárín ojú méjèèjì, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ. Mo fà á. Ó dún kà. Iná kò yọ. Mo tún un nà, mo tún un fà. Kà. Mo da ẹ̀tù àkọ́kọ́ nù, mo ki òmíràn tó gbẹ, mo fà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ìbọn tó ti wà lọ́wọ́ mi fún ogójì ọdún, tí kò já mi kulẹ̀ níwájú ẹfọ̀n, kò ṣe ju kà lọ.

Ìkookò náà kò tilẹ̀ mira. Ó ní, "Mo gbọ́ ìbúra rẹ láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. O ní ẹni tó gba ajá lọ́wọ́ rẹ, kí ohun tó fi ń pa ẹran má ṣe gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Èmi fi eyín tèmi pa ọ̀yà láàárọ̀ yìí, ó sì pa á. Ohun ìjà ta ni kò wá gbọ́ tirẹ̀ báyìí?"

Mo wo ìbọn, mo wo ajá. Mo ní, "Kòsẹ́gbẹ́, ṣé òun kọ́ ló gbé ọ ni?"

Ajá mi la ẹnu. Ọdún mẹ́fà, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, ohùn àgbà ni.

"Èmi ni mo jẹ okùn. Èmi ni mo ní kí ó dúró dè mí létí fẹ́ǹsì. Ẹ̀jẹ̀ awọ ẹtu tí mo wọ́ lọ lo rí nílẹ̀. Mo lé ẹtu yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì, mo sì jókòó de ẹ̀tọ́ mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí o gbé e ka iná, mo ní ó fẹ́ gbé e gbóná fún mi ni. Nígbà tí o gé díẹ̀ jẹ, mo ní yóò ṣẹ́ kù. Àfìgbà tí o lọ bu ata." Ó gbé orí sókè, ó wò mí. "O mọ̀ pé ajá kì í jẹ ata, Ọdẹ́tọ́lá. O fi ata sí i."

Mo kúnlẹ̀ níwájú ajá, èmi tí n kò kúnlẹ̀ fún ọba. Mo ní, "Máa bọ̀ nílé. Itan méjèèjì wà nínú fírísà, tìrẹ ni wọ́n."

"Itan kọ́ ni tèmi," ó ní. "Ẹni tí mo bá ṣọdẹ láàárọ̀ yìí ti fún mi ní tèmi, níbi tí ẹran ṣubú sí, kó tó la ẹnu ara rẹ̀." Ó gbé orí lé ẹsẹ̀, ó pa ojú dé. Mo fọwọ́ kan ọrùn mi, mo fẹ́ fọn fèrè. Fèrè kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo sunkún. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sunkún lábẹ́ àpáta yẹn bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, títí oorun fi gbé mi lọ síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni mo tó wọlé, ọlidé ń parí lọ. Wọ́n ti tẹ́ tábìlì sábẹ́ máńgòrò yìí gan-an, ẹtu náà ń ta sánsán nínú ọbẹ̀. Ìbídùn sáré pàdé mi, ó gba àpò mi, ó ń dúpẹ́ pé mo bọ̀ láàyè, ó bu ẹran tó dára jù sínú àwo fún mi. Mo ní bóyá àlá ni mo lá nínú igbó. Mo fi ẹran sẹ́nu. Ọ̀fun mi pa dé. Mo fi omi lé e, kò lọ. Ọlátóóyè gbá mi lẹ́yìn títí ó fi jábọ́, gbogbo wọn ń bi mí pé ṣé egungun ni. Ṣíjúadé ló fẹ́ mú wa rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìwé rẹ̀ jáde, ó ní kí òun ka gbogbo ohun tí òun rí ní ọlidé fún Bàbá àgbà. Ó kà á sókè ketekete: "Ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀bọ mẹ́ta. Ọ̀kẹ́rẹ́ márùn-ún. Awọ́nríwọ́n kan. Ẹtu kan, Kòsẹ́gbẹ́ ló mú un. Bàbá àgbà kan lẹ́yìn ilé, ó ń jẹ ẹ̀dọ̀ Kòsẹ́gbẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìbídùn wò mí. "Bàbá! Lọ́jọ́ Ẹtì Rere?" Ìyẹn nìkan lòun rí nínú rẹ̀. Ọlátóóyè ní tirẹ̀, ọmọ ọdẹ ni, ó mọ àṣà ilé wa. Ó gbójú sílẹ̀, kò bi mí léèrè ajá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin rò pé ibẹ̀ ló parí sí, pé mo gba ìyà mi, ọ̀rọ̀ sì tán. Rárá! Ajá yẹn mọ ẹ̀san ju èmi lọ. Èmi ń pariwo, mo ń búra, mo ń na ìbọn. Òun ò gbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo bá ẹ̀dọ̀ ọ̀yà tútù lórí ewé, lójú àbáwọlé. Kòsẹ́gbẹ́ jókòó sẹ́nu ihò fẹ́ǹsì. Ẹran tó bá mú, ó ń gbé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wá fún mi, torí pé ọdún mẹ́fà la fi jọ ṣọdẹ, ó sì ní èmi náà ní ẹ̀tọ́. Kò fo ọ̀sẹ̀ kan rí láti ọdún mẹ́ta. Yóò jókòó, yóò máa wo ẹnu mi, yóò dúró de ìgbà tí n óò jẹ ẹ́. Mi ò lè jẹ ẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò dìde, yóò kọ ẹ̀yìn sí mi, yóò sì wọ igbó lọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti bú u, mo ti ju òkúta lù ú lọ́jọ́ kan tí ó ká mi lára. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀dọ̀ méjì ló gbé wá.

Ọ̀rọ̀ mi ò jù báyìí lọ. Ẹ jẹ ọ̀yà yín kó tó tutù. Fátókun, rọra dìde, má nàka sí i, wo ẹ̀yìn fẹ́ǹsì lọ́hùn-ún, lábẹ́ ewé kókò. Ṣé o rí ẹsẹ̀ funfun yẹn? Ó ti dé láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ má lé e o. Ṣíjúadé, ọmọ mi, bá mi lọ gba tòní wá, kí o sì rọra rìn. Má gbàgbé láti kí i.